Ẹ Jẹ́ Kí Ajá Rìn Kí Ẹ Tó Sanwó

Ẹ̀yin ọmọ Yorùbá Sábóngàrí Kánò! A ń rí i pé ariwo ẹnu ni ọ̀pọ̀ wa fi ń yan ajá tí yóò ṣọ́ ilé. Ẹ ní kó rìn ná! Alsatian tí ìdí rẹ̀ ń fì, ó ṣeé ṣe kí oríkèé ìbàdí rẹ̀ má jókòó dáadáa. Bó bá dàgbà, ó lè máa tiro. Olè kúkú ń fẹ́ bẹ́ẹ̀. Èyí tí imú rẹ̀ tẹ́ mọ́jú ńkọ́? Mímí hẹlẹhẹlẹ ni ajá fi ń lé ooru jáde, ooru oṣù kẹrin wa sì ń wọ dígírì 40. Imú bẹ́ẹ̀ kò lè gbé e. Ajá ìbílẹ̀, onírun kúkúrú, ẹlẹ́sẹ̀ gígùn, tí àwọn kan ń fojú tín-ínrín wò, la fọwọ́ sí. Owó rẹ̀ kò pọ̀, ó sì lè lé olè dé títì.