Ẹ̀jẹ̀ Ènìyàn: Àwọn Ẹ̀yà Rẹ̀, Iṣẹ́ Wọn, àti Àrùn Arọmọléegun

1.0 Ìfáárà

Bí a bá ń sọ̀rọ̀ nípa ẹ̀jẹ̀ ní èdè Yorùbá, ohun kan ṣoṣo ni a sábà máa ń kà á sí: ẹ̀jẹ̀ dà, ẹ̀jẹ̀ dì, ẹ̀jẹ̀ ru. Ohun tí a fẹ́ fi hàn nínú àpilẹ̀kọ yìí ni pé ẹ̀yà mẹ́rin ni ó para pọ̀ di ẹ̀jẹ̀, àti pé àìmọ iṣẹ́ wọn lè mú kí a di ẹ̀bi àrùn ru ẹni tí kò mọwọ́ mẹsẹ̀. Arọmọléegun ni a ó fi ṣe àpẹẹrẹ.

2.0 Àwọn Ẹ̀yà Ẹ̀jẹ̀

Nǹkan bí lítà 5 ẹ̀jẹ̀ ni ó wà lára àgbàlagbà. Bí a bá rọ díẹ̀ sínú ìgò, tí a kò jẹ́ kí ó dì, omi tí ó pọ́n ràkọ̀ràkọ̀ yóò lé sókè, èyí tí ó pupa yóò sì rọ̀ sísàlẹ̀.

Omi òkè yìí, tí a ó pè ní omi ẹ̀jẹ̀, tó nǹkan bí ìdá 55 nínú 100. Iyọ̀, ṣúgà àti onírúurú purotéènì wà nínú rẹ̀. Òun ni ó ń gbé oúnjẹ kiri ara, tí ó sì ń kó ìdọ̀tí lọ sí kíndìnrín.

Sẹ́ẹ̀lì pupa ni ó pọ̀ jù nínú ìyókù. Inú mùdùnmúdùn eegun ni a ti ń ṣẹ̀dá rẹ̀. Haemoglobin, purotéènì tí ó ní irin nínú, ni ó ń fún un ní àwọ̀ pupa; òun náà ni ó ń gba ọ́síjìn nínú ẹ̀dọ̀fóró, tí ó sì ń pín in fún gbogbo ara. Nǹkan bí 120 ọjọ́ ni sẹ́ẹ̀lì pupa kan ń lò.

Sẹ́ẹ̀lì funfun ni ẹ̀ṣọ́ ara. Àwọn kan ń gbé kòkòrò àrùn mì. Àwọn mìíràn ń ṣe purotéènì tí ó ń gbógun ti kòkòrò náà.

Ẹ̀yà kẹrin ni wóró amẹ́jẹ̀dì. Bí ọ̀bẹ bá géni lọ́wọ́, wọn a lẹ̀ mọ́ ojú egbò, purotéènì kan nínú omi ẹ̀jẹ̀ a sì di fọ́nrán tín-ín-rín tí yóò so wọ́n pọ̀.

3.0 Arọmọléegun

Ní 1910, James Herrick ní Chicago kọ̀wé nípa sẹ́ẹ̀lì pupa tí ó tẹ̀ bíi dòjé. Ní 1949, Linus Pauling àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi hàn pé haemoglobin aláìsàn náà ni ó yàtọ̀. Bí haemoglobin yìí bá ti jọ̀wọ́ ọ́síjìn rẹ̀, a lẹ̀ mọ́ra, a sì gan sẹ́ẹ̀lì náà. Sẹ́ẹ̀lì tí ó gan kò lè gba inú iṣan tín-ín-rín kọjá. Ó ń dí ọ̀nà, ìrora ńlá sì ń tẹ̀lé e. Kì í sì í sábà lò ju 20 ọjọ́ lọ, nítorí náà ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà kì í tó.

Ẹ jẹ́ kí a wo orúkọ àrùn yìí: a-rọ-ọmọ-ní-eegun. Ibi tí ìrora ti ń fara hàn ni orúkọ náà ń tọ́ka sí. Kò sọ orísun rẹ̀. Ọ̀dọ̀ bàbá àti ìyá ni ọmọ ti ń jogún rẹ̀. Bí àwọn méjèèjì bá jẹ́ AS, nínú oyún kọ̀ọ̀kan, ọ̀nà kan nínú mẹ́rin ni pé kí ọmọ jẹ́ SS. Ó ṣeé ṣe nígbà náà kí ọmọ méjì tàbí mẹ́ta ṣàìsàn nínú ilé kan. Irú ikú bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn baba wa pè ní àbíkú, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ibà àti àrùn mìíràn náà pa ọmọ púpọ̀. Ìyá ni a sábà máa ń fura sí. Òkú ọmọ ni a sì ń kọ lára.

4.0 Àgbálọgbábọ̀

A ti rí i pé ìyàtọ̀ kékeré nínú haemoglobin ni ó ń fa gbogbo ìpọ́njú yìí. Nítorí náà, kí àwa tí a ń fi Yorùbá kọ́ni má ṣe fi orúkọ àrùn náà mọ síbi eegun. Kí a ṣàlàyé rẹ̀ láti inú sẹ́ẹ̀lì pupa, kí ọ̀dọ́ tí ó ń múra ìgbéyàwó lè mọ ìdí tí a fi ní kí ó yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò.