Bí flammable ṣe gbapò lọ́wọ́ inflammable

Ẹni tó bá ka Gẹ̀ẹ́sì dé ìwé mẹ́fà mọ̀ pé tí in- bá ti ṣíwájú ọ̀rọ̀, ọ̀rọ̀ náà ti di òdì nìyẹn. Correct tọ̀nà, incorrect kò tọ̀nà. Tírú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rí inflammable lára àgbá kan ńkọ́? Yóò rò pé ohun tó wà nínú rẹ̀ kò lè gbiná. Òdìkejì rẹ̀ gan-an sì ni: ó ń yára gbiná ni.

Látìn la ti rí ọ̀rọ̀ yìí. In- méjì ló wà níbẹ̀: ọ̀kan ń sọ pé “kò”, èkejì ń sọ pé “sínú”. Inflammare tí àwọn ará Róòmù ń wí, kí èèyàn tiná bọ nǹkan ni. Àwa ní àmì ohùn tó ya ọkọ́ tí a fi ń roko sọ́tọ̀ lára ọkọ̀ tí à ń wọ̀; in- méjèèjì yìí kò ní ohunkóhun tó yà wọ́n. Flammable, tí ìtumọ̀ rẹ̀ jẹ́ bákan náà, yọjú nínú Gẹ̀ẹ́sì ní 1813, ṣùgbọ́n wọn kò kà á sí.

Ẹ̀rù iná ló jí i dìde. Láàárín 1920 sí 1929, ẹgbẹ́ tó ń rí sí ìdènà iná ní Amẹ́ríkà, National Fire Protection Association, bẹ̀rẹ̀ sí í rọ àwọn èèyàn pé flammable ni kí wọ́n máa lò. Ní 1959, àjọ British Standards Institution náà fara mọ́ ọn nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì.

Bóyá ìyẹn dà bí àṣejù lójú ẹlòmíràn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Benjamin Lee Whorf, onímọ̀ èdè tó ń bá ilé iṣẹ́ adójútòfò kan ṣiṣẹ́ ní Hartford, ń wádìí ohun tó ń fa iná. Ó rí i pé àwọn òṣìṣẹ́ máa ń ṣọ́ra nídìí àgbá bẹntiróòlù tó kún, ṣùgbọ́n wọ́n ń mu sìgá nídìí èyí tí wọ́n pè ní empty. Bẹ́ẹ̀, ooru epo tó kù nínú àgbá òfìfo ló léwu jù. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ló fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀.

Bẹntiróòlù, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Kẹ́míkà tí a kò mọ orúkọ rẹ̀ ńkọ́? Ohun tí wọ́n kọ sí i lára nìkan la ní. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń kó irú ẹrù bẹ́ẹ̀ kiri títì wa, ẹ jọ̀wọ́, ẹ pa inflammable rẹ́. Ẹ kọ flammable, kí ẹ sì fi Yorùbá sí abẹ́ rẹ̀: Ó Ń GBINÁ.