Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé Èsìẹ́ àti Àwọn Ère Òkúta Inú Rẹ̀

Ní ìlú Èsìẹ́, ní ilẹ̀ Ìgbómìnà, ní Ìpínlẹ̀ Kwara, ilé kan wà tí àwọn tí ó ń gbé inú rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀. Ère òkúta ni wọ́n, iye wọn sì ju 800 lọ. Ilé yìí ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé àkọ́kọ́ tí a ṣí ní ilẹ̀ Nàìjíríà. Ní ọdún 1945 ni a ṣí i, nígbà tí Èsìẹ́ ṣì wà lábẹ́ ìjọba Àríwá. Ọdún méje lẹ́yìn náà ni a ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣí ti Jos, ní 1952. Ti Èkó sì tẹ̀lé e ní 1957.

Bí Àwọn Ère Náà Ti Rí

Ọkùnrin wà nínú wọn, obìnrin sì wà. Púpọ̀ nínú wọn jókòó lórí àpótí. Òmíràn di idà mú, òmíràn sì mú ohun èlò orin lọ́wọ́. Àwọn kan dé fìlà, àwọn kan di irun tí ó dára púpọ̀, ọ̀pọ̀ ni ó sì ní ilà lójú. Àwọn kan kéré, nígbà tí àwọn mìíràn ga ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta lọ. Láti ara wọn ni a ti lè mọ bí àwọn àgbà ayé àtijọ́ ti ń ṣe ọ̀ṣọ́, bí wọ́n ti ń jókòó, àti irú ohun ìjà tí wọ́n ń lò.

Àwọn ará ìlú sọ pé nígbà tí àwọn baba ńlá wọn tẹ Èsìẹ́ dó, àwọn ère náà ni wọ́n bá níbẹ̀. Ìtàn tí wọ́n ń pa ni pé àlejò ni wọ́n rí, tí wọ́n sì di òkúta. Nítorí náà ni wọ́n ṣe ń bọ̀wọ̀ fún wọn, tí wọ́n sì ń ṣe ọdún ère lọ́dọọdún. Àwọn onímọ̀ ní tiwọn gbà pé ọwọ́ ọmọ ènìyàn ni ó gbẹ́ wọn, ní ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn.

Ìdí Tí A Fi Kọ́ Ilé Fún Wọn

Ní ọdún 1933, Ọ̀gbẹ́ni Ramshaw, tí í ṣe alábòójútó ilé-ìwé fún Ìjọ C.M.S., rí àwọn ère náà nínú igbó, ó sì ròyìn wọn fún ayé. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ni ó ti fọ́, tí orí ti kúrò lára wọn. Òkúta tí a fi gbẹ́ wọn rọ̀, ó sì ń yọ̀ lọ́wọ́ bí ọṣẹ. Rírọ̀ yìí ni ó mú kí ó rọrùn fún àwọn agbẹ́gilére ìgbà náà láti fi irin kékeré gé ojú àti irun sí i. Òun kan náà ni ó sì mú kí òjò àti gbòǹgbò igi lè tètè bà á jẹ́. Ilé tí ó ní òrùlé dáadáa ni oògùn rẹ̀.

Ewu Tí Ó Kù

Òrùlé lè gba òjò dúró, ṣùgbọ́n kò lè dá olè dúró. Ní ọdún 2000, Àjọ Àgbáyé ti Àwọn Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé kọ orúkọ àwọn ère Èsìẹ́ mọ́ àwọn ohun àtijọ́ Áfíríkà tí ewu olè àti títà sí òkè òkun wà fún jù lọ. Òfin ọdún 1979, tí ó dá Àjọ Ilé Ìṣẹ̀ǹbáyé àti Ohun Ìrántí sílẹ̀ ní Nàìjíríà, sì ti kà á léèwọ̀ pé kí ẹnikẹ́ni kó ohun àtijọ́ jáde ní ilẹ̀ yìí láìgba ìwé àṣẹ.

Ère tí a jí lọ kò pàdánù ibùgbé rẹ̀ nìkan. Ìtàn rẹ̀ pẹ̀lú ti ṣègbé. Ẹni tí ó rí i lórí àga olówó kan ní ìlú òyìnbó kò ní mọ àwọn tí ó ti jókòó tì í, tàbí ibi tí a ti hú u.

Nítorí náà, àgbẹ̀ tí ọkọ́ rẹ̀ bá kan ère tàbí ìkòkò àtijọ́ kò gbọdọ̀ fà á yọ, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọdọ̀ tà á. Kí ó fi í sílẹ̀ bí ó ti bá a, kí ó sì lọ sọ fún ọba ìlú tàbí fún ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tí ó súnmọ́ ọn. Ẹni tí wọ́n bá sì gbé irú rẹ̀ wá bá láti rà, kí ó lọ fi tó ọlọ́pàá létí. Ọwọ́ ìjọba nìkan kò ká iṣẹ́ yìí, nítorí àgbájọ ọwọ́ ni a fi ń sọ̀yà.