Ta Ni Ó Gba Ọmọbìnrin Ọba Là? Ìyípadà Ìtàn Nínú Fíìmù The Thief of Bagdad (1924)

Ní ọdún 1924 ni Douglas Fairbanks gbé fíìmù The Thief of Bagdad jáde ní Hollywood. Raoul Walsh ni olùdarí rẹ̀. Fairbanks fúnra rẹ̀ ni ó ṣe Ahmed, olè inú ìtàn náà, òun kan náà ni ó sì kọ ìtàn náà lábẹ́ orúkọ mìíràn, Elton Thomas. Fíìmù aláìlóhùn ni. Ìlú Bàgídáàdì tí William Cameron Menzies ya àwòrán rẹ̀ àti kápẹ́ẹ̀tì tí ń fò lójú ọ̀run ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi ń rántí rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kan onímọ̀ lítíréṣọ̀ jù ni ohun tí fíìmù náà ṣe sí ìtàn tí ó jogún.

Ìtàn Ọmọ-ọba Ahmad àti Peri Banu wà lára ohun tí ó jogún. Hanna Diyab, ọmọ Alépò ní Síríà, ni ó pa ìtàn yìí fún Antoine Galland ní Paris ní ọdún 1709, tí Galland sì fi í kún Ẹgbẹ̀rún Òru àti Ẹyọ Kan. Nínú rẹ̀, àwọn ọmọ-ọba mẹ́ta, ọmọ bàbá kan náà, ń fẹ́ ọmọbìnrin kan. Ọba ní kí wọ́n lọ wá ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù lọ láyé. Ọ̀kan rí kápẹ́ẹ̀tì tí ń fò; èkejì rí ọ̀pá eyín erin oníhò tí a fi ń wo ohunkóhun tí ọkàn bá fẹ́ rí; ẹ̀kẹta rí èso ápù tí òórùn rẹ̀ ń wo àìsàn. Ọ̀pá náà fi hàn wọ́n pé ọmọbìnrin náà ń kú lọ, kápẹ́ẹ̀tì gbé wọn dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ápù sì wò ó sàn. Ta ni ó gbà á là? Ọba kò lè dá ẹjọ́ náà, ó sì ní kí wọ́n lọ fi ọfà díje.

Ìtàn tí ń gbé irú ìbéèrè báyìí kalẹ̀ pọ̀ nílẹ̀ Áfíríkà. William Bascom, onímọ̀ tí ó ṣe iṣẹ́ lórí Ifá, kó irú wọn jọ sínú ìwé kan tí ó jáde ní ọdún 1975. Àríyànjiyàn àwọn olùgbọ́ ni adùn wọn, nítorí pé ẹ̀tọ́ ẹnikẹ́ni kò ju ti ẹnìkejì lọ.

Fíìmù náà da ìdọ́gba yìí rú. Àwọn afẹ́sọ́nà mẹ́ta kì í ṣe ọmọ bàbá kan mọ́: ọmọ-ọba Íńdíà, ti Páṣíà àti ti Mọ́ńgólì ni wọ́n. Òkúta dídán tí a fi ń ríran ni ó rọ́pò ọ̀pá eyín erin. Ẹni tí ó ni ápù, ọmọ-ọba Mọ́ńgólì, ni ó pàṣẹ kí wọ́n fún ọmọbìnrin ọba ní májèlé, kí òun lè wò ó sàn. Síbẹ̀, ìbéèrè àtijọ́ náà kò parẹ́. Ọmọbìnrin ọba fúnra rẹ̀ ni ó dáhùn pé bí ọ̀kan nínú ẹ̀bùn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò bá sí, méjì yòókù kò ní wúlò. Ó ti rí Ahmed nínú òkúta náà pé ó ń bọ̀. Ó kàn ń fi àríyànjiyàn fa àkókò gùn ni. Ẹni tí a fẹ́ fi ṣe èrè ìdíje wá di ẹni tí ó ń darí ẹjọ́.

Ṣùgbọ́n ìyípadà náà ní ohun tí ó gbà lọ́wọ́ ìtàn. Àwọn ọmọ-ogun Mọ́ńgólì ti yọ́ wọ ìlú, wọ́n sì gbà á, kí Ahmed tó dé pẹ̀lú ẹ̀tù idán tí ń di ọmọ-ogun. Ará Japan, Sojin Kamiyama, ni ó ṣe ọ̀dàlẹ̀ náà. Anna May Wong, tí a bí ní Los Angeles, ni ó ṣe ẹrúbìnrin tí ń ṣe amí fún un. Aláwọ̀ funfun ọmọ Amẹ́ríkà ni ó sì ṣe akọni ará Bàgídáàdì. Ní oṣù Karùn-ún ọdún náà gan-an ni Amẹ́ríkà fọwọ́ sí òfin tí ó ti ìlẹ̀kùn mọ́ ọ̀pọ̀ jù lọ àwọn ará Éṣíà tí ó fẹ́ wá máa gbé níbẹ̀. Fíìmù náà, tí ó ti jáde ní oṣù Kẹta, kọ́ ni ó bí òfin yìí, ṣùgbọ́n ẹ̀rù kan náà ni ó hàn nínú àwọn méjèèjì.

Hanna Diyab bèèrè ẹni tí ó gba ènìyàn là. Lójú fíìmù, ìbéèrè náà ti di ẹni tí ó lẹ́tọ̀ọ́ láti wọ ìlú.