Láti CMS dé Okun Ajah: Ohun tó yẹ kí ẹni tó fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì lọ gbatẹ́gùn létí òkun mọ̀

Kì í ṣe gbogbo ìgbádùn Èkó ló ń béèrè owó ńlá. Ẹni tí kò ní mọ́tò, tí kò sì lówó òtẹ́ẹ̀lì, lè jí ní òwúrọ̀, kó wọ bọ́ọ̀sì ní CMS tàbí Ọbáléndé, kó lọ fojú kan òkun ní ìhà Ajah, kó sì padà sùn sórí ibùsùn ara rẹ̀ lálẹ́. Ṣùgbọ́n ìrìn-àjò ọjọ́ kan yìí ní ọgbọ́n tirẹ̀. Ẹni tí kò bá mọ ọgbọ́n náà lè fi gbogbo ọjọ́ jókòó sínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀. Èyí tó sì burú jù bẹ́ẹ̀ lọ ni pé ó lè lọ kó má bọ̀.

Àárín omi méjì ni Ajah wà. Ọ̀sà wà ní àríwá rẹ̀, ní ìhà Badore àti Langbasa, òkun sì wà ní gúúsù. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ń pe abúlé tó wà létí omi iyọ̀ ní Okun Ajah. Títì Lẹ́kì sí Ẹ̀pẹ́ ló la ilẹ̀ tóóró náà já, òun sì ni ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ń gbà. Láàárọ̀ ọjọ́ iṣẹ́, àwọn ará Ajah a máa ya wọ Erékùṣù Èkó lọ síbi iṣẹ́. Nírọ̀lẹ́, wọ́n á tún ya padà wálé. Ẹni tó ń lọ gbatẹ́gùn létí òkun ń lọ nígbà tí wọ́n ń bọ̀, ó sì ń bọ̀ nígbà tí wọ́n ń lọ. Bí ó bá tètè jáde nílé, ọ̀nà yóò gbà á.

Tí ẹ bá fẹ́ wọ dánfó, ẹ béèrè owó ọkọ̀ kí ẹ tó wọlé, nítorí òjò tàbí ọ̀wọ́n epo lè sọ iye àná di ìlọ́po méjì. Ẹ mú owó wẹ́wẹ́ dání, kí kọ̀ńdọ́ má baà so yín pọ̀ mọ́ ẹni tí ẹ kò mọ̀ rí nítorí ṣéńjì. Ní ti àwọn bọ́ọ̀sì ńlá tí ìjọba ń ṣe àkóso wọn, káàdì Cowry ni ẹ ó fi sanwó.

Ẹ wo ìta dáadáa bí ọkọ̀ bá ti ń lọ. Lẹ́yìn Erékùṣù Victoria, ilẹ̀ Maroko ni ẹ ń gbà kọjá. Ní oṣù keje ọdún 1990, nígbà ìjọba ológun Raji Rasaki, ni wọ́n wó ìlú náà, iye àwọn tí wọ́n sọ di aláìnílé lójijì sì tó 300,000 gẹ́gẹ́ bí ìṣirò tí ọ̀pọ̀ ènìyàn ń tọ́ka sí. Ìjọba kó díẹ̀ nínú wọn lọ sí Ilasan àti Ikota, tí ọkọ̀ yín yóò dé láìpẹ́. Ní òdìkejì ilé iṣẹ́ Chevron ni ọgbà ìdáàbòbò ẹranko àti igbó ti Lẹ́kì wà. Ọdún 1990 kan náà ni wọ́n dá a sílẹ̀ sórí ilẹ̀ hẹ́kítà 78. Afárá tó gba orí igi kọjá níbẹ̀ gùn tó mítà 401, àwọn ọ̀bọ sì pọ̀ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ẹni tó bá ní àsìkò lè kọ́kọ́ yà síbẹ̀. Lẹ́yìn náà ni Ikota, VGC, àti afárá Ajah tí wọ́n ṣí ní ọdún 2017, nígbà tí Ìpínlẹ̀ Èkó pé àádọ́ta ọdún.

Láti Ajah, ẹ lè yà sí Okun Ajah, tàbí kí ẹ wọ ọkọ̀ mìíràn gba Sangotedo àti Awoyaya kọjá lọ sí Eleko. Ẹ má ṣe wá ọ̀kadà kiri. Láti ọjọ́ kìíní oṣù kẹfà ọdún 2022 ni ìjọba ti fòfin dè é ní gbogbo Ẹ̀tì-Ọ̀sà. Ọ̀pọ̀ etí òkun ló ní ẹnu ọ̀nà tí wọ́n ti ń gbowó. Ẹ béèrè gbogbo owó náà pọ̀, ti ìwọlé àti ti àtíbàbà, kí ẹ tó jókòó.

Bí ẹ bá jókòó tán, ẹ wo iyanrìn tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ yín, nítorí kì í dúró lójú kan. Ìgbì òkun ń fẹ̀gbẹ́ kọlu ilẹ̀ wa, ó sì ń gbé iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́. Ní ọdún 1908 ni àwọn òyìnbó amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ògiri òkúta sí ibi tí ọ̀sà ti bọ́ sínú òkun, kí ọkọ̀ ojú omi ńlá lè máa wọ Èkó. Ògiri náà ṣiṣẹ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ó dá iyanrìn dúró lọ́nà. Apá ìwọ̀-oòrùn ń kún sí i. Bar Beach tó wà ní ìlà-oòrùn kò rí iyanrìn gbà mọ́, òkun sì ń jẹ ẹ́. Ìjọba da iyanrìn síbẹ̀ léraléra, kò tó. Nígbẹ̀yìn, wọ́n kó iyanrìn kún òkun níbẹ̀, wọ́n mọ odi sí i, ó di Eko Atlantic. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, òkun ya wọ Kuramo, ó sì gba ẹ̀mí ènìyàn. Ó jẹ títì àti ilé ní Alpha Beach. Àwọn ará ibẹ̀ ní iṣẹ́ Eko Atlantic ló fà á. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní ògiri ayé òyìnbó ló fà á. Ní ọdún 2024, iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí títì etí òkun láti Èkó dé Calabar, tí yóò gùn tó kìlómítà 700. Wọ́n wó ọ̀pọ̀ ṣọ́ọ̀bù ní Landmark Beach nítorí rẹ̀, àwọn ará Okun Ajah náà sì figbe ta nítorí ibi tí títì náà fẹ́ gbà.

Ọ̀rọ̀ tó kù ni ti ẹ̀mí. Òmùwẹ̀ ní í bá omi lọ. Omi tí ìgbì tì wá sórí ilẹ̀ gbọ́dọ̀ padà, ojú ibì kan ló sì sábà máa ń gbà padà, pẹ̀lú agbára. Ojú ibẹ̀ a máa dákẹ́ rọ́rọ́, ìgbì kì í fọ́ níbẹ̀ bíi ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ìdí sì nìyẹn tí àlejò fi ń rò pé ibẹ̀ ló dára láti wẹ̀. Omi náà kì í fa ènìyàn lọ sísàlẹ̀. Àárín òkun ló ń gbé e lọ. Ẹni tó bá dojú kọ ilẹ̀, tó ń bá a jà, agbára rẹ̀ yóò tán. Kí ó fi ara lé omi, kí ó na ọwọ́ sókè, kí ó sì wẹ̀ lọ sí ẹ̀gbẹ́, ní ìbú etí òkun, títí omi yóò fi tú u sílẹ̀, kí ó tó kọrí sí ilẹ̀. Ẹni tó wà lórí ilẹ̀ kò gbọdọ̀ bẹ́ lé e. Okùn tàbí kẹ́ẹ̀gì òfìfo ni kí ó jù sí i. Ẹni tó bá mutí kò gbọdọ̀ wọ omi rárá, ojú kò sì gbọdọ̀ kúrò lára ọmọdé. Oṣù keje àti oṣù kẹjọ ni ìgbì máa ń le jù; ní àsìkò yẹn, kí ẹ jókòó sórí iyanrìn tó.

Òkun kì í ta tíkẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ibi tí mẹ̀kúnnù lè gbà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ń dín kù, nítorí omi, nítorí títì, àti nítorí géètì. Ẹ kó àwọn ọmọ yín lọ wò ó nígbà tí owó bọ́ọ̀sì ṣì lè gbé yín débẹ̀. Ẹ kó ọ̀rá àti ike tí ẹ bá lò padà sílé, kí ẹ sì ti wà nínú ọkọ̀ kí oòrùn tó wọ̀.