Iyì Tí Kì Í Ṣe Owó Ọ̀yà

Ẹ̀sìn Kristẹni kọ́ni pé Ọlọ́run ti fẹ́ràn ènìyàn kí onítọ̀hún tó ṣe iṣẹ́ kankan. Ẹ̀kọ́ yìí rọrùn láti wàásù, ó sì ṣòro láti gbà gbọ́ dénú. Henri Nouwen, àlùfáà ìjọ Àgùdà tí wọ́n bí ní Netherlands ní 1932, kọ́ni ní Yale àti Harvard, ó kọ ìwé rẹpẹtẹ, síbẹ̀ ọkàn rẹ̀ kò balẹ̀. Ní 1986, ó kó lọ sí Daybreak, ibùgbé àwọn tó ní ìpèníjà ọpọlọ, nítòsí Toronto ní Kánádà. Wọ́n ní kó máa tọ́jú Adam Arnett, ọ̀dọ́kùnrin tí kò lè sọ̀rọ̀, tí kò lè dá rìn, tí wárápá sì ń gbé. Láràárọ̀, Nouwen á jí i, á wẹ̀ fún un, á fá irùngbọ̀n rẹ̀, á fọ eyín rẹ̀, á wọṣọ fún un, á wá jókòó tì í títí yóò fi jẹun tán. Ìwé àti oyè ọ̀jọ̀gbọ́n kò wúlò níbẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló yé Nouwen pé bí Adam, tí kò lè ṣiṣẹ́ kankan, bá jẹ́ àyànfẹ́ Ọlọ́run, a jẹ́ pé òun náà kò ní láti fi iṣẹ́ ra ìfẹ́ náà. Ọdún 1996 ni àwọn méjèèjì kú. Ìwé tí Nouwen kọ nípa Adam jáde ní 1997.