Ìṣèlú àti Ilé-Iṣẹ́ Ìfọpo ti Kàdúná

Kò sí kànga epo rọ̀bì kan ṣoṣo ní ìlú Kàdúná. Síbẹ̀, níbẹ̀ ni ìjọba àpapọ̀ kọ́ ọ̀kan nínú àwọn ilé-iṣẹ́ ìfọpo ńlá rẹ̀ sí, èyí tí ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1980. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ìṣèlú ti ń darí ọ̀rọ̀ epo ní orílẹ̀-èdè tí owó epo ń bọ́, kí ó yẹ ìtàn ilé-iṣẹ́ yìí wò.

Ilé-iṣẹ́ ìfọpo àkọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀ ní Alesa-Eleme, lẹ́bàá Port Harcourt, ní ọdún 1965. Ti Warri tẹ̀lé e ní ọdún 1978. Ìtòsí ibi tí epo ti ń jáde ni àwọn méjèèjì wà. Ṣùgbọ́n ìjọba ológun ìgbà náà gbà pé ogún gbogbo ọmọ Nàìjíríà ni epo, ó sì yẹ kí ìhà Àríwá náà ní ìpín nínú rẹ̀. Èrò kan náà ni ó mú kí ìjọba dá owó àkànṣe sílẹ̀ ní ọdún 1975, kí iye tí a ń ta epo ní Kàdúná lè bá ti Èkó dọ́gba.

Èrò náà kò burú, àmọ́ ó ní ohun tí ó ń béèrè. Inú ọ̀pá tí ó gùn ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún kìlómítà ni epo rọ̀bì ń gbà láti Escravos àti Warri dé Kàdúná. Epo ilẹ̀ wa fúyẹ́. Nítorí náà, láti òkè òkun, bí i Venezuela, ni wọ́n ti ń ra epo rọ̀bì tí ó ki fún ṣíṣe epo ẹ́ńjìnnì àti ọ̀dà títì. Nígbà tí àwọn ajìjàgbara fọ́ ọ̀pá epo ní Chanomi Creek ní ọdún 2006, Warri àti Kàdúná kò rí epo fọ̀ mọ́. Ìbínú etí odò sọ òṣìṣẹ́ ilẹ̀ òkè di aláìríṣẹ́-ṣe.

Ní oṣù karùn-ún ọdún 2007, bí ìjọba Olóyè Olusegun Obasanjo ti ń kógbá sílé, ó ta ìpín tí ó pọ̀ jù nínú ilé-iṣẹ́ ìfọpo Kàdúná àti ti Port Harcourt fún àwọn oníṣòwò. Ní oṣù tí ó tẹ̀lé e, àwọn ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ yanṣẹ́ lódì. Kí ọdún náà tó parí, títà náà ti di òfo lábẹ́ ìjọba Alhaji Umaru Yar'Adua. Ohun tí ìjọba kan fi ọwọ́ ọ̀tún gbé kalẹ̀, òmíràn fi ọwọ́ òsì gbé e kúrò.

Iye owó epo pẹ̀lú di ọ̀rọ̀ ìṣèlú. Ní ọjọ́ kìn-ín-ní ọdún 2012, ìjọba sọ jálá epo láti náírà 65 di 141. Ará ìlú fárí gá, ó sì padà sí 97. Ọdún 2023 ni ìjọba tó kéde òpin owó ìrànwọ́ náà. Láàárín àkókò gígùn yìí, ilé-iṣẹ́ tí kò lè fi iye lé ọjà ara rẹ̀ kò lè rí owó àtúnṣe nínú èrè rẹ̀. Ọwọ́ ìjọba ni ó ń wò. Ní ọdún 2023 kan náà ni wọ́n ṣí ilé-iṣẹ́ ìfọpo aládàáni ti Dangote ní Èkó, tí agbára rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ìlọ́po mẹ́fà ti Kàdúná.

Kì í ṣe pé wọ́n kọ́ ilé-iṣẹ́ náà sí Kàdúná ni àṣìṣe. Ìṣèlú tí ó kọ́ ọ ni kò pèsè ìtọ́jú rẹ̀, kò sì mú ọkàn àwọn tí ọ̀pá epo gba ilẹ̀ wọn kọjá balẹ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè: etí odò ni epo wà, Kàdúná ni ọjà wà. Ìjọba tí ó bá so méjèèjì pọ̀ pẹ̀lú òdodo ni yóò jẹ àǹfààní ilé-iṣẹ́ yìí.